Téèpù tí Stax àti Motown tì mọ́lé: ṣé ó yẹ ká gbọ́ wọn?

Gbólóhùn_Ìlù

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ Written in Their Soul ni mo gbé wá. Àpótí sídíì méje ni, Craft Recordings ló gbé e jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023. Orin 146 ló wà nínú rẹ̀, etí aráyé kò sì gbọ́ 140 nínú wọn rí kó tó di ìgbà náà. Ilé-iṣẹ́ àwo Stax ní Memphis ni gbogbo wọn ti wá, èyí tí Jim Stewart àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Estelle Axton, dá sílẹ̀, ibi tí Otis Redding, Carla Thomas, Sam and Dave àti Isaac Hayes ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Démò ni àwọn orin inú àpótí yìí. Ẹni tó kọ orin á wọ yàrá, á mú gìtá tàbí kó jókòó sídìí dùùrù, á kọ orin náà sínú téèpù kí olórin tí wọ́n fẹ́ gbé e fún lè mọ bó ṣe ń lọ. Bí olórin náà bá ti gbọ́ ọ, iṣẹ́ téèpù parí nìyẹn. Wọ́n á gbé e sórí pẹpẹ, ọdún á máa gorí ọdún.

Láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ Who's Making Love tí Johnnie Taylor kọ ní 1968, lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ àkọlé orin ni Bettye Crutcher, Homer Banks àti Raymond Jackson, tí wọ́n wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá orin náà, jẹ́ lójú mi. Orúkọ lásán. Nínú àpótí yìí ni mo ti wá gbọ́ ohùn. Homer Banks tó ń tajà nínú ṣọ́ọ̀bù àwo tí Estelle Axton ṣí mọ́ ara sítúdíò, olórin tó dáńtọ́ ni! Ẹ gbọ́ Mack Rice bó ṣe ń kọ Respect Yourself, orin tí àwọn Staple Singers wá fi gbayé kan ní 1971. Kò sí fèrè, kò sí àwọn agberin, síbẹ̀ gbogbo ohun tí orin náà fẹ́ sọ ti pé sẹ́nu rẹ̀.

Èrò mi ni pé àwọn èèyàn yìí ni olórin tí Stax ní tí Stax kò tà. Inú mi sì ń bàjẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn ti kú kí ayé tó gbọ́ wọn. Ta ló ti gbọ́ ọ níbí? Kí lẹ rí sí i?

Aláwo_Peckham

Gbólóhùn, o ṣeun tí o dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Jẹ́ kí n gbé e gba Detroit kọjá díẹ̀, torí pé orin Motown, ilé-iṣẹ́ àwo ìlú náà, ló kọ́ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí à ń bá gbé níbí bí wọ́n ṣe ń wá ohun tí ilé-iṣẹ́ tì mọ́lé.

Oṣù Kìíní ọdún 1959 ni Berry Gordy yá 800 dọ́là nínú owó àjọ ẹbí rẹ̀, òun ló fi dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó di àṣà pé ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á jókòó, wọ́n á gbọ́ gbogbo orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, wọ́n á sì dìbò. Gordy máa ń bi wọ́n pé bí ebi bá ń pa ọ́, tó jẹ́ dọ́là kan ló kù sí ọ lọ́wọ́, ṣé àwo yìí ni wàá rà àbí oúnjẹ? Orin tó bá fìdí rẹmi, ó di orí pẹpẹ.

I Heard It Through the Grapevine tí Marvin Gaye kọ gan-an kò bọ́ nínú rẹ̀. Ọdún 1967 ló kọ ọ́, Gordy ní rárá. Gladys Knight and the Pips ni wọ́n gbé tiwọn jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn. Wọ́n ki ti Marvin bọ inú álíbọ́ọ̀mù ní 1968, àwọn onírédíò bẹ̀rẹ̀ sí í fi í, ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tó sáré tẹ̀ ẹ́ ní àwo kékeré. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Ẹ wo iye ìgbà tí irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ ti lè ṣi ibi wò.

Ti Frank Wilson tún wá le jù. Ní 1965, wọ́n tẹ Do I Love You (Indeed I Do) fún àyẹ̀wò, wọ́n sì kó àwọn àwo náà dànù nígbà tí Wilson pinnu pé iṣẹ́ olóòtú orin ni òun fẹ́ ṣe. Ìwọ̀nba ẹ̀dà tó ṣẹ́ kù kò ju tíntín lọ. Ọ̀kan dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn tó ń fi àwo sí gbọ̀ngàn ijó òru fi orúkọ ẹlòmíràn, Eddie Foster, bò ó kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ ohun tó jẹ́. Ní 2009, ẹ̀dà kan lọ ní 25,742 póùn. Ní 2020, wọ́n ra ọ̀kan ní 100,000 póùn. Wilson kú ní 2012. Mo ti jó sí orin yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, mi ò sì lè gbà láé pé ẹjọ́ yàrá ìpàdé ọjọ́ Ẹtì ló yẹ kó kẹ́yìn.

Bísí_Onígègé

Ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin náà, bọ̀dá Gbólóhùn. Èmi fẹ́ kọ ojú ọ̀rọ̀ yìí síbòmíràn.

Òǹkọ̀wé ni mí. Mo ní ìwé tí mo kọ dé ìdajì tí mo pa tì, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á, yálà mo wà láyé tàbí mo kú. Bí èèyàn bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá yọjú ló ń bù fún tọ́ wò. Homer Banks wọ yàrá yẹn láti fi orin han olórin kan. Òun àti olórin náà ni ọ̀rọ̀ wà láàrin wọn. Ta ló bi í léèrè bóyá ó fẹ́ kí èmi Bísí máa fi gbọ́ ọ nínú mọ́tò?

Ẹ wo ọ̀rọ̀ You're the Man ti Marvin Gaye. Ní 1972, lẹ́yìn tí What's Going On ti mì gbogbo ayé tìtì, ó gbé orin olóṣèlú kan jáde tí wọ́n fẹ́ fi ṣe orúkọ àwo tó kàn. Orin náà kò dé ibi tí wọ́n fojú sí, wọ́n sì pa àwo náà tì. Marvin kú ní 1984. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, àwọn tó ni téèpù ṣa orin oríṣiríṣi ìgbà yẹn jọ, wọ́n ní àwo tó sọnù rèé. Wọ́n tún pe olóòtú òde òní, Salaam Remi, kó tún mẹ́ta nínú wọn pò. Àwo ta ni ìyẹn? Marvin kọ́ ló tò ó, òun kọ́ ló yan èyí tó ṣáájú àti èyí tó kẹ́yìn. Ó dùn mí pé orúkọ rẹ̀ ló wà lójú páálí.

Gbólóhùn_Ìlù

Bísí, mo gbọ́ ọ, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ lórí ọ̀rọ̀ àtúnpò yẹn. Kí wọ́n fi ohùn sílẹ̀ bó ṣe wà lórí téèpù.

Àmọ́ wo Otis Redding. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá ọdún 1967 ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ já sínú adágún Monona ní Wisconsin, òun àti púpọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Bar-Kays tó ń bá a ṣeré. Orin Dock of the Bay wà lórí téèpù nígbà náà, kò tíì parí. Steve Cropper, onígìtá Stax, ló jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́rùn, òun ló fi ìró omi òkun sí i. Oṣù Kìíní ọdún 1968 ló jáde, ó sì bọ́ sí ipò kìíní. Otis kò gbọ́ ọ bó ṣe jáde, kò fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn rẹ̀, álíbọ́ọ̀mù sítúdíò mẹ́rin ni wọ́n ṣe jáde nínú ohun tó fi sílẹ̀, èyí tó kẹ́yìn ní 1970. Ká ní wọ́n tẹ̀ lé ìlànà tìrẹ, Dock of the Bay ì bá wà lórí pẹpẹ títí di òní.

Bísí_Onígègé

Ìyàtọ̀ wà, bọ̀dá mi. Cropper bá Otis kọ orin yẹn pọ̀. Ó wà ní sítúdíò, ó mọ ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wá. Ti 2019 yẹn, àádọ́ta ọdún ku díẹ̀ ti kọjá láàrin ẹni tó kọrin àti ẹni tó tún un pò. Ibi tí mo ń lọ ni pé kí ẹnì kan tó mọ olórin náà wà nídìí ọ̀rọ̀.

Tádé_Memphis

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Memphis ni mo ń gbé, ẹ jẹ́ kí n fèsì lórí ohun tí Àǹtí Bísí sọ kẹ́yìn yìí.

Ẹnì kan tó mọ̀ wọ́n wà nídìí ẹ̀. Deanie Parker ni. Ọmọdébìnrin ni nígbà tó dé Stax lẹ́yìn tó gba ipò kìíní nínú ìdíje orin. Ó kọ orin fún wọn, ó gba àwo sílẹ̀, ó sì wá di ẹni tó ń ṣe ìpolongo fún ilé-iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó wà lára àwọn olóòtú àpótí yìí, òun àti Robert Gordon ló sì kọ ìwé inú rẹ̀. Ẹni tó wá àwọn téèpù náà rí ni Cheryl Pawelski, ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi wà lẹ́nu ẹ̀. Ní 2024, wọ́n gba Grammy méjì: ọ̀kan fún àwo onítàn, ọ̀kan fún ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

Sítúdíò àtijọ́ yẹn, sinimá ni tẹ́lẹ̀, ní òpópónà East McLemore. Wọ́n wó o ní 1989. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n kọ́ ọ bí ti àtijọ́ ṣe rí gan-an ni, ó sì ṣí ní 2003. Mọ́tò Cadillac ti Isaac Hayes tí wọ́n fi góòlù ṣe lára wà níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ orin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí àwọn ọmọ àdúgbò ti ń kọ́ ìlù àti fèrè, ìyẹn sì ń dùn mọ́ mi nínú ju Cadillac lọ.

Olótùú_Ohùn

Mo bá yín dé o. Iṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ni mo ń ṣe. Ohun kan tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ ni pé téèpù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ ń jiyàn bóyá ó yẹ ká gbé e jáde, bẹ́ẹ̀ ó ń kú lọ lórí pẹpẹ.

Púpọ̀ nínú téèpù ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ásítéètì, irú ike kan, ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá ti ń darúgbó, á máa gbẹ, á máa rún, á sì máa rùn bí ọtí kíkan. Bó bá já, ojú ibi tó ti já á mọ́, èèyàn sì lè lẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn téèpù àárín ọdún 1970 sókè ní wàhálà tiwọn: gọ́ọ̀mù inú wọn á fa omi afẹ́fẹ́ mu, téèpù á máa lẹ̀ mọ́ orí ẹ̀rọ, á máa ké. Ṣe la máa ń fi ooru wẹ́wẹ́ gbẹ irú ẹ̀, nǹkan bí ìwọ̀n 54 lórí Celsius, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ká tó sáré dà á sórí kọ̀ǹpútà kó tó tún rọ̀. Ẹ má ṣe fi ooru kan ti ásítéètì o!

Nǹkan mìíràn tún wà: bí téèpù bá pẹ́ ní wíwé, ohùn orí ìpele kan á máa kọjá sára ìpele kejì. Ẹ ó gbọ́ olórin fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ìdí rèé tí àwọn àgbà nídìí iṣẹ́ yìí fi máa ń fi ìparí téèpù síta nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó o pamọ́, kí ìró náà lè bọ́ sẹ́yìn ohùn gidi, kó fara pa mọ́.

Ó tún ku iná. Ní oṣù Kejì ọdún 1978, ilé ìkẹ́rùsí kan tí ilé-iṣẹ́ àwo Atlantic kó téèpù sí ní Long Branch, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, jóná. Àwọn téèpù tó ti jáde ní àwo kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Orin tí wọn kò gbé jáde rí ló pọ̀, àti ìgbà kejì, ìgbà kẹta tí olórin kọ orin kan náà: ogún ọdún iṣẹ́ Atlantic, láti ìparí àwọn ọdún 1940 dé ìparí àwọn ọdún 1960. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún téèpù ló lọ sínú rẹ̀. Bísí, ẹni tí àwọn Atlantic ṣì ń ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ bóyá ó yẹ kó jáde, iná ti bá wọn dá a lóhùn. Mo máa ń rò ó lóru nígbà mìíràn. Ray Charles àti Aretha wà nínú ilé-iṣẹ́ yẹn.

Bísí_Onígègé

Ọ̀gá, ìyẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ kíkó pamọ́ yàtọ̀ sí títà. Kí wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kó ẹ̀dà sí ibi mẹ́ta, mo fara mọ́ ọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé ta ni owó ń lọ bá nígbà tí wọ́n bá tà á?

Agbẹjọ́rò_Òkè_Ọ̀nà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, ibi tí mo ti lè wọlé rèé.

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan. Ọ̀kan wà lórí orin fúnra rẹ̀: ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Èkejì wà lórí téèpù, ìyẹn ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀. Ẹni tó kọ orin ní ìpín nínú èkíní. Ẹni tó bá ni téèpù ló ni èkejì, ohun tí àdéhùn bá sì sọ ni olórin á rí gbà nínú rẹ̀. Láyé ìgbà náà, ohun tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń kọ owó sítúdíò sọ́rùn olórin, wọ́n á máa yọ ọ́ nínú owó tó yẹ kó kàn án. Ohun tó ń ká mi lára nìyẹn: olórin lè san owó orin tí ilé-iṣẹ́ tì mọ́lé, kó kú, kí ẹlòmíràn wá tà á.

Ọ̀rọ̀ Stax dájú fún ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni Jim Stewart fi ń bá Atlantic ṣe pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1965, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, Stewart sì fọwọ́ sí i láìka gbogbo ìlà rẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Warner ra Atlantic ní 1967, tí Stewart sì fẹ́ kúrò ní 1968, ìwé náà sọ pé Atlantic ló ni gbogbo téèpù tí wọ́n ti pín kiri fún un. Otis, Sam and Dave, gbogbo rẹ̀ pátá. Òfìfo ni Stax fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Al Bell, ọ̀gá kan ní Stax, ló gbé e dìde: láàrin ọdún 1969, ó ní kí wọ́n tẹ álíbọ́ọ̀mù 27 jáde lẹ́ẹ̀kan, Hot Buttered Soul ti Isaac Hayes sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1975, gbèsè bo ilé-iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀, kóòtù tì í. Ilé-iṣẹ́ àwo Fantasy ra àwọn téèpù tó kù ní 1977, ilé-iṣẹ́ Concord ra Fantasy ní 2004.

Ẹ wá wo ibi tí démò gbà yè é. Ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀, East/Memphis Music, ló ń bójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tó kọ orin. Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, ó gba ọwọ́ báǹkì, ó sì bọ́ sọ́dọ̀ Rondor, ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin, tó wá di ara Universal. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń fi téèpù Stax ta ọjà, démò kò sí nínú ẹrù yẹn. Kò sẹ́ni tó kà á sí nǹkan tó níye lórí.

Aláwo_Peckham

Agbẹjọ́rò, bá wa sọ ti òfin ọdún 50 náà. Láti 2012, fún ọdún mélòó kan, Motown máa ń da orin tí a ò gbọ́ rí sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Àwa níbí ń yọ̀, àmọ́ wọn ò tẹ̀ ẹ́ ní àwo, wọn ò kọ ìlà kan sí i.

Agbẹjọ́rò_Òkè_Ọ̀nà

Ẹ̀gbọ́n, ọdún 2011 ni Ìṣọ̀kan Yúróòpù fa ààbò orí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gùn, láti ọdún 50 sí 70. Ohùn tó ti jáde fún aráyé nìkan ló jẹ àǹfààní rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi sórí pẹpẹ títí ọdún 50 fi pé, ààbò rẹ̀ tán, ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ ẹ́. Ìdí tí orin 1962 fi jáde ní 2012 nìyẹn, ti 1963 ní 2013, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Beatles náà ṣe é: orin 59 ti 1963 ni wọ́n sáré gbé sórí iTunes ní oṣù Kejìlá ọdún 2013. Kì í ṣe nítorí ìfẹ́ wa. Wọ́n ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ wọn ni.

Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 ló wá kó ohùn àtijọ́ sábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀. Ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti 1957 títí di oṣù Kejì ọdún 1972, ìdajì oṣù Kejì ọdún 2067 ni ààbò rẹ̀ máa tán. Gbogbo ìgbà ayé Motown ní Detroit àti Stax ní Memphis, abẹ́ òfin yẹn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà tán.

Bísí_Onígègé

2067! Ó dáa, mo dúpẹ́ fún àlàyé yìí. Nígbà náà, èmi á sọ ohun tí mo fẹ́ kedere. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé irú orin bẹ́ẹ̀ jáde, kí wọ́n kọ ọ́ sójú páálí ohun tó jẹ́: démò, tàbí orin tí wọ́n kọ̀, tàbí èyí tí olórin kò parí. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lu ìlù àti ẹni tó ta gìtá. Kí wọ́n pa gbèsè sítúdíò àtijọ́ rẹ́ lórí ìwé, kí owó kìíní tó bá wọlé lọ sọ́dọ̀ ẹbí. Láìsí ìwọ̀nyí, mi ò ní rà á.

Bàbá_Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti dàgbà, mi ò ní pẹ́ lórí ọ̀rọ̀.

Orin tí ẹ ń sọ yìí, kò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1966, Orlando Julius gbé Super Afro Soul jáde lọ́dọ̀ Philips West Africa. My Girl wà nínú rẹ̀, orin tí Temptations gbé jáde láti Detroit ní ìparí 1964. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjó Soul tó wà nínú àwo kan náà, ẹ ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kò ṣe àfarawé. Ó ti mọ ibi tí ìlù wa wà nínú rẹ̀. Geraldo Pino wá láti Sierra Leone, ó fi orin James Brown da Èkó rú, Fela fúnra rẹ̀ sọ bó ṣe bà á lẹ́rù tó. Segun Bucknor sọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Soul Assembly. Ní 1970, James Brown fúnra rẹ̀ wá.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò: Orlando Julius kú ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Segun Bucknor ti ṣáájú ní 2017. Ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè ló gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwọn elére wọn, onífèrè àti onílù, ọ̀pọ̀ ò sí orúkọ wọn lẹ́yìn páálí. Ẹ ti ń sọ ti Homer Banks, ó dára, ó tọ́ sí i. Ẹni tó bá lè rí àgbà elére kan tó ṣì wà láyé nílé, kó lọ bá a, kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kó bi í léèrè ẹni tó bá a ṣeré lọ́jọ́ náà.

Gbólóhùn_Ìlù

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Èdùmàrè á jẹ́ kẹ́ ẹ pẹ́ fún wa. Àbúrò bàbá mi lu kóńgà fún ẹgbẹ́ kan ní Ìbàdàn nígbà yẹn, ó ṣì wà láyé. Màá gbé ẹ̀rọ lọ bá a.

Bísí, àpótí Stax yìí ṣe ohun mẹ́ta nínú mẹ́rin tí o bèèrè. Ó sọ pé démò ni. Ó dárúkọ. Ẹni tó mọ̀ wọ́n ló kọ ìwé inú rẹ̀. Ti owó, Agbẹjọ́rò ti fi yé wa pé àwọn tó kọ orin ní ìpín nínú rẹ̀ lábẹ́ òfin, torí pé orin tiwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kọ.

Mo tún fẹ́ sọ ti Bettye Crutcher, torí mi ò tíì sọ ọ́ tán. Òun nìkan ni obìnrin tí Stax gbà síṣẹ́ bí ẹni tó ń kọ orin fún wọn. Ó bá Banks àti Jackson ṣe ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní We Three. Álíbọ́ọ̀mù kan ṣoṣo ló ṣe fún ara rẹ̀, Long as You Love Me, ní 1974, ilé-iṣẹ́ náà sì wó lulẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Oṣù Kẹwàá ọdún 2022 ló kú, oṣù mélòó kan péré kí àpótí yìí tó jáde. Bó ṣe ń kọrin nínú démò, kì í pariwo. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, ó ń fi ibi tí olórin gbọ́dọ̀ ti mí hàn án. Olùkọ́ ni. Bí èèyàn bá gbọ́ ọ tán, tó padà sídìí Johnnie Taylor, ó máa gbọ́ ibi tí Taylor ti tẹ̀ lé e àti ibi tí ó ti yà.

Púpọ̀ nínú orin yẹn, kò sí olórin kankan tó kọ ọ́ lẹ́yìn démò. Bí àwọn téèpù wọ̀nyí bá bàjẹ́, orin náà ti kú pátápátá nìyẹn, torí pé kò sí níbòmíràn.

Bísí_Onígègé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kí n gbọ́ ọ, mo ti gbọ́ ti Bettye Crutcher ní ọ̀sán yìí. Mo tún un gbọ́. Mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi nípa Marvin. Ti obìnrin yìí, inú mi dùn pé mo gbọ́ ọ, mo sì ti kọ orúkọ rẹ̀ sára ògiri níbi tí mo ti ń kọ̀wé.

Tádé_Memphis

Ṣé ká gbọ́ ọ pọ̀ lọ́jọ́ Sátidé? Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi í sílé rẹ̀ ní àkókò kan náà, ká máa kọ ohun tí a bá gbọ́ síbí.

Gbólóhùn_Ìlù

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ Nàìjíríà, Sátidé. Sídíì kìíní la ó kọ́kọ́ fi, ká lè gbọ́ Mack Rice nígbà tí ojú gbogbo wa ṣì mọ́. Olótùú_Ohùn, jọ̀ọ́, bá wa fetí sí ibi tí téèpù bá ti ń kọjá sára ara wọn, kí o sọ fún wa. Bàbá Mọ́kọ́lá, ẹni tó bá wà nítòsí yín kó bá yín ṣí i lórí fóònù.